Díkíṣọ́nárì tòkunbọ̀ tí mo rà ní Ọláìyá

Ẹ jẹ́ n sọ ti ìwé kan tí mo rà lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ìwé tòkunbọ̀ lápá Ọláìyá níbí l'Óṣogbo. Díkíṣọ́nárì Òyìnbó ni, ó wúwo bíi búlọ́ọ̀kù, ₦4,500 ni wọ́n pè é, mo ná an dé ₦3,000. Mo ti ní kékeré kan nílé o, àmọ́ ìtumọ̀ nìkan nìyẹn ń sọ, èyí ń sọ ibi tí wọ́n ti yá ọ̀rọ̀ náà wá, nítorí ìyẹn gan-an ni mo ṣe sanwó.

Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò nírọ̀lẹ́, ọ̀kan wá bi mí pé, "Àǹtí, ẹ ní cow ni màlúù, kí ló wá dé tí ẹran ẹ̀ ń jẹ́ beef?" Mi ò rí èsì fọ̀. Ìwé yìí ló gbà mí: cow jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì látilẹ̀, beef wá látinú Faransé, èdè tí àwọn ará Normandy gbé wọ ààfin nígbà tí wọ́n ṣẹ́gun England ní 1066. Mutton àti pork náà bẹ́ẹ̀.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni alcohol. Lárúbáwá ni, al-kuhl, ìyẹ̀fun lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n fi ń kun ojú. Ẹ gbọ́, tìróò! Tìróò tí ìyá ìyá mi máa ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ lé! Wọ́n fi orúkọ yẹn pe ìyẹ̀fun kíkúnná, ó di orúkọ ohunkóhun tí wọ́n bá sè títí tí ojúlówó ẹ̀ fi jáde, ibẹ̀ ló ti bọ́ sórí ọtí. Al iwájú ẹ̀ yẹn náà ló wà nínú algebra, òun náà ló wà nínú àlàáfíà tiwa àti àlùbọ́sà tó gba ọ̀dọ̀ Haúsá dé ibí. Mo kọ gbogbo ẹ̀ sójú bọ́ọ̀dù, mo fi ṣọ́ọ̀kì pupa fàlà sídìí al kọ̀ọ̀kan, làwọn ọmọ bá figbe ta. Window náà, ojú afẹ́fẹ́ ló jẹ́ lédè àwọn ará Scandinavia àtijọ́, àwa náà ṣáà ń sọ pé ojú fèrèsé.

Àbùkù ẹ̀ wà o. Lẹ́tà ẹ̀ kéré bí ẹsẹ̀ èèrà, ojú ewé bíi mẹ́jọ sì ti ya kúrò ní S, ibẹ̀ ni sugar tí mo fẹ́ wò wà, mo padà lọ bá ẹni tó tà á, ó ní ọjà tòkunbọ̀ ò ní dápadà. Ó dùn mí gan. Ẹ ṣí i láti A dé Z kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ó tún ti pẹ́, ọ̀rọ̀ tiwa ò pọ̀ níbẹ̀. January 2020 ni Oxford kó okada, danfo àti tokunbo fúnra ẹ̀ wọ díkíṣọ́nárì ńlá wọn, lẹ́yìn náà ni adire àti gele tó wọlé. Mo gbé fóònù lọ fi han màmá aládìrẹ ẹ̀yìnkùlé wa, aró ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Mo ní, "Mà, àdìrẹ ti di Gẹ̀ẹ́sì o." Wọ́n ní, "Ṣé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé à ń dì í ká tó rẹ ẹ́?"

Mo délé, mo fi bírò kọ ọ́ sétí ìwé mi, lábẹ́ adipose: adire, Yorùbá, ohun tí a dì tí a sì rẹ.