Mo ka Wọ́ọ̀dù Kẹfà ti Chekhov

Ìtàn yìí kò gùn, ṣùgbọ́n ó wúwo. Anton Chekhov, dókítà ará Rọ́ṣíà, ló kọ ọ́ ní 1892, lẹ́yìn tó ti lọ fojú ara rẹ̀ rí ìyà tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń jẹ ní erékùṣù Sakhalin. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo sì lè sọ pé ẹni tó mọ ọsibítù tinú-tòde ló kọ ọ́.

Ẹ wo wọ́ọ̀dù náà, níbi tí wọ́n ń ti àwọn alárùn ọpọlọ mọ́: òórùn kábéèjì tó ti kan, èéfín òwú fìtílà, ìdun, bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Nínú àwọn aláìsàn ibẹ̀, Moiseika nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kó jáde lọ tọrọ bárà nígboro. Tó bá dé, Nikita tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà á tú àpò rẹ̀, á gba owó wẹ́wẹ́ àti búrẹ́dì tó bá rí níbẹ̀.

Dókítà Ragin, ọ̀gá ọsibítù náà, kì í ṣe ìkà, ohun tó jẹ́ kí ìwé náà dùn mí wọra nìyẹn. Ó ń kàwé, ó ń mu bíà, ó mọ̀ pé wọ́n ń jalè lọ́sibítù, kò sì bá ẹnikẹ́ni wí. Ó wá rí i pé Gromov, ọ̀kan nínú àwọn aláìsàn, nìkan lẹni tí òun lè bá sọ̀rọ̀ gidi nílùú. Ó ń wí fún un pé inú ara ẹni ni ìfọ̀kànbalẹ̀ wà, pé kò síyàtọ̀ láàárín yàrá tó móoru àti wọ́ọ̀dù yìí. Gromov bi í bóyá wọ́n nà án rí ní kékeré. Ragin ní rárá, àwọn òbí òun kì í na ọmọ. Gromov ní bàbá tòun a máa lu òun bí ẹni lu bàrà. Mo ka ibẹ̀ ní àkàtúnkà.

Ìrìn àjò Ragin sí Moscow àti Warsaw fa ìlẹ̀ díẹ̀. Ẹ fara dà á.

Ẹni tí kò bá fẹ́ mọ bó ṣe parí, kó fo ìpínrọ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n rò pé orí Ragin náà ti dàrú, Khobotov, dókítà tó gbapò rẹ̀, tàn án wọ wọ́ọ̀dù náà, bí ẹni pé kó wá bá òun wo aláìsàn kan. Nikita gbé aṣọ aláìsàn tó ń rùn bí ẹja yíyan fún un. Nígbà tó ní òun fẹ́ jáde, Nikita lù ú. Ìgbà yẹn ló tó yé e pé ìrora yìí ni àwọn èèyàn wọ̀nyí ti ń jẹ lójú òun fún ohun tó lé lógún ọdún, tí òun kò mọ̀, tí òun kò sì fẹ́ mọ̀. Lọ́jọ́ kejì, àrùn rọpárọsẹ̀ pa á.

Tó bá jẹ́ èmi ni mo láṣẹ, akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì kankan kò ní jáde iléèwé láìka ìtàn yìí. Ó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ sì lè kà á tán nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.