Ìwòsàn Ọ̀fẹ́ Àwọn Ahmadiyya ní Ìtòkú

Bí ẹ bá gbọ́ pé ìjọ Ahmadiyya tún fẹ́ ṣe ìwòsàn ọ̀fẹ́ ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta níbí, mo rọ̀ yín kí ẹ mú àwọn àgbà ilé yín lọ. Mo bá ìyá mi, tí iṣẹ́ aró ni iṣẹ́ wọn, lọ síbẹ̀, ìtọ́jú tí wọ́n rí gbà sì tẹ́ mi lọ́rùn gidigidi.

Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú wa ní kí ìyá mi kọ́kọ́ jókòó sinmi, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rin ìrìn oòrùn dé lè lọ sókè fún ìgbà díẹ̀. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tó sì rí i pé ó ju 140/90 lọ, ó fi Yorùbá tó yè kooro ṣàlàyé pé a gbọ́dọ̀ tún un wọ̀n lọ́jọ́ mìíràn kí a tó lè sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Nígbà tó kan àyẹ̀wò ṣúgà, ó fi òwú àti sípíríìtì nu ìka wọn títí tó fi dá a lójú pé ó mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aró kò ṣí lára rẹ̀, ó sì dúró kó gbẹ kó tó gún un.

Orúkọ, ọjọ́ orí àti àdúgbò nìkan ni wọ́n bèèrè. Onígbàgbọ́ àti oníṣẹ̀ṣe jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà pẹ̀lú wa, kò sì sí ẹni tó wàásù fún wọn. Mùsùlùmí ni ìdílé tiwa, ṣùgbọ́n a kì í ṣe Ahmadiyya. Ìjọ kékeré ni wọ́n láàárín wa, àwọn kan kò tilẹ̀ fẹ́ kà wọ́n mọ́ Mùsùlùmí, bẹ́ẹ̀ láti 1916 ni wọ́n ti wà ní Nàìjíríà. Ọmọ ìjọ tó ń rówó ń yọ ìdá kan nínú 16 owó tó ń wọlé fún un gẹ́gẹ́ bí ọrẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní chanda. Ẹni tó bá ń fi owó tó làágùn fún ṣe ìrànlọ́wọ́ báyìí, ó yẹ kí a yìn ín.

Ètò ọlọ́jọ́ kan, ibi yòówù kí wọ́n ti ṣe é, kò lè káwọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru, nítorí pé oògùn rẹ̀ kì í ṣe èyí tí a ń lò fún ọ̀sẹ̀ kan kí a sì jáwọ́. Ìdí nìyí tí ìwé tí dókítà kọ fún wa láti mú lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà fi níyì lójú mi ju oògùn ọ̀fẹ́ lọ. Ẹ tètè dé kí oòrùn tó mú, kí ẹ sì kó gbogbo oògùn tí àgbà yín ń lò dání, àgbo pẹ̀lú, kí dókítà lè mọ èyí tí kò gbọdọ̀ fi kún un.