Eyín Àtọwọ́dá Nídìí Oúnjẹ Ọdún: Ohun Tí Mo Rí Nípa Ìpara Tí Wọ́n Fi Ń Lẹ̀ Ẹ́

Eyín àtọwọ́dá ni mo ń lò lókè àti nísàlẹ̀, àwọn méjèèjì jẹ́ ti ákírílíìkì, irú ike líle kan. Mo ti fi wọ́n jẹ ẹran Iléyá, mo ti fi wọ́n jẹ adìẹ Kérésìmesì (ilé wa ò yọ ọ̀kan sílẹ̀ nínú méjèèjì), mo sì ń lo ìpara tí wọ́n fi ń lẹ̀ wọ́n mọ́ èrìgì. Àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń bi mí pé ṣé ìpara náà tó ohun tí à ń náwó lé lórí. Ó tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni yóò dáàbò bò yín nídìí oúnjẹ ọdún.

Bí wọ́n ṣe ń lò ó rèé. Ẹ ṣan eyín náà, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ wá kán ìpara náà bíńtín-bíńtín sí ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kó má sún mọ́ etí rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ èrìgì, ẹ di eyín pọ̀ díẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó mú kí ẹ tó jẹun. Bí ó bá ń yọ jáde létí, ó ti pọ̀ jù nìyẹn. Ti òkè máa ń mú dan-in dan-in. Ti ìsàlẹ̀ ló ṣòro, torí ahọ́n ń tì í ṣáá, kò sì ní àjà ẹnu tí yóò fà mọ́. Síbẹ̀, àǹfààní tí mo fẹ́ràn jù ni pé oúnjẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ abẹ́ eyín mọ́. Ẹni tí kóró ata rodo bá ti há sábẹ́ eyín rẹ̀ rí láàárín àpèjẹ á mọ ìdí tí mo fi máa tún un rà.

Àléébù rẹ̀ ni pé nǹkan gbígbóná ń tú u. Ẹ fi tíì sílẹ̀ dìgbà tí ẹ bá jẹun tán. Ẹ tún wo ẹ̀yìn páálí rẹ̀ bóyá sínkì (zinc, irú irin kan) wà lára èròjà rẹ̀. Àwọn kan tó lo èyí tó ní sínkì lálòjù fún ọdún pípẹ́ ní àrùn iṣan, ẹsẹ̀ wọn ń kú tipiri, ó sì wà lára ohun tó mú kí iléeṣẹ́ GlaxoSmithKline dáwọ́ ìpara wọn tó ń jẹ́ Poligrip, èyí tó ní sínkì, dúró ní ọdún 2010. Èyí tí kò ní sínkì ni kí ẹ rà.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyí: eyín òkè bo àjà ẹnu, àjà ẹnu ló sì máa ń sọ fún wa pé ọbẹ̀ gbóná tàbí pé eegun wà nínú òkèlè. Bí ó bá ti bò ó, ọ̀fun ló máa kọ́kọ́ mọ̀. Àmàlà gbígbóná tí ewédú ń mú yọ́ wọlé léwu fún wa ju ẹran líle lọ. Mọ́ín-mọ́ín náà, tí gbogbo ènìyàn máa ń gbé fún àgbà nítorí pé ó rọ̀, títusì tí wọ́n fi sínú rẹ̀ ní eegun. Mo máa ń fi ṣíbí tú u wò lórí àwo. Adìẹ ìbílẹ̀, mo máa ń ní kí wọ́n yọ eegun rẹ̀ kúrò fún mi pátápátá. Ìyàwó ọmọ mi ti mọ̀, kì í dúró kí n sọ ọ́.

Ní ti ẹran, ẹni tó wọ odidi eyín àtọwọ́dá kò ní ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí márùn-ún agbára ìjẹun tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹran àgbò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, ẹ jẹ́ kó jinná dáadáa, kí ẹ gé e wẹ́wẹ́ ní ìdábùú okùn rẹ̀. Ẹ má fi eyín iwájú fà á já, ẹ̀yìn eyín náà á gbéra. Ẹ pín òkèlè sọ́tùn-ún sósì, kí ẹ máa jẹ méjèèjì pọ̀. Ẹ̀dọ̀ dára púpọ̀. Pọ̀nmọ́ tó jinná ṣeé jẹ bí ẹ bá gé e kéékèèké. Ṣàkì, ẹran díndín tó ti gbẹ, ṣinṣín líle àti kókóró, mo ti fi wọ́n sílẹ̀ fún àwọn ọmọ.

Bí ẹ bá lọ òde àríyá, ẹ mú ike kékeré tó ní ìdérí dání. Ẹ má ṣe dì eyín sínú tíṣù sórí tábìlì, àwọn tó ń palẹ̀ mọ́ á kó o dànù. Bí ẹ bá délé, ẹ fọ ìpara náà kúrò lára eyín àti èrìgì, kí ẹ fọ̀ ọ́ lórí abọ́ tó lómi nínú, torí bí ó bá bọ́ sórí símẹ́ǹtì, ó lè là. Omi tútù ni kí ẹ fi í sí mọ́jú. Omi gbígbóná ń lọ́ ọ.

Nínú 10, mo fún ìpara yìí ní 7. Ẹ má fi bo eyín tí kò bá ẹnu yín mu mọ́ o. Èrìgì máa ń súnkì bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, bí ẹ bá sì rí i pé ìpara tí ẹ ń fi sí i ń pọ̀ sí i, ẹ lọ bá dókítà eyín kó tẹ́ inú rẹ̀ ṣe kí ọdún tó dé.