Mo Sọ Canon 550D Mi Di Kámẹ́rà Infrared ní Òṣogbo

Iṣẹ́ náà tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ kámẹ́rà kan ṣoṣo lẹ ní, tó sì jẹ́ òun lẹ fi ń jẹun, ẹ má dán an wò. Kámẹ́rà tí wọ́n bá ti ṣe báyìí kì í ya àwọ̀ tójú ń rí mọ́, infrared, ìmọ́lẹ̀ tójú èèyàn kì í rí, ló ń yà, ẹni tó bá sì fẹ́ kó padà sí bó ṣe wà yóò tún sanwó kí wọ́n tó tú u. Canon 550D àtijọ́ lèmi fi ṣe é, èyí tó ti di ẹrù inú àpótí látìgbà tí mo ti ra tuntun. Ọdún 2010 ló jáde, mẹ́gápíksẹ́lì 18 ló ní. Ká ní ó bà jẹ́, kò ní dùn mí títí.

Sẹ́ńsọ̀, ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, ń rí ju ojú wa lọ. Ojú èèyàn ń rí ìmọ́lẹ̀ láti nǹkan bíi nanometer 400 sí 700 (òun ni wọ́n fi ń wọn ìgbì ìmọ́lẹ̀). Sẹ́ńsọ̀ ń bá a lọ títí dé nǹkan bíi 1,000. Àwọn tó ṣe kámẹ́rà ló fi gíláàsì kékeré kan bò ó lójú kí àwọ̀ má baà dàrú. Gíláàsì yẹn ni wọ́n ń yọ, tí wọ́n á fi òmíràn tó ń gba infrared wọlé rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni, kó mú rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n, kó kọjú orí rẹ̀ sí kámẹ́rà iwájú fóònù, kó tẹ̀ ẹ́. Ojú lásán kò ní rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n lórí ọ̀pọ̀ fóònù, iná kan á máa ṣẹ́jú.

Tẹ́lẹ̀, fílítà Hoya R72 tí wọ́n ń dè mọ́ ẹnu lẹ́ǹsì ni mo ń lò. Òun náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ fílítà ń gba infrared wọlé, gíláàsì inú ń lé e jáde. Ìwọ̀nba tó bá ráyè yọ́ wọlé lẹ máa fi ya fọ́tò. Lọ́sàn-án gangan, kámẹ́rà gbọ́dọ̀ wà lórí ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kó la ojú sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú àáyá. Atẹ́gùn á fẹ́, ewé á mì, gbogbo ẹ̀ á di kùrukùru. Ní báyìí, bí oòrùn bá ti wà, ISO 200 (bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó), f/8 (bí ẹnu lẹ́ǹsì ṣe là tó; bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ ni ẹnu ń kéré), ìdá 1/125 ìṣẹ́jú àáyá ti tó. Ọwọ́ ni mo fi ń gbé e rìn. Nítorí èyí nìkan, owó mi kò ṣòfò.

Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lápá Òkè-Fìà ni wọ́n ti ṣe é. Ọmọkùnrin náà kò kọ infrared sí pátákó. Kámẹ́rà tó já bọ́ àti lẹ́ǹsì tó há ló ń tún ṣe. Èmi ni mo rán ẹni tó ń bọ̀ láti òkè òkun pé kó bá mi ra gíláàsì 720, èyí tó ń gba ìmọ́lẹ̀ láti nǹkan bíi nanometer 720 lọ sókè, tó sì bá 550D mu. Dọ́là ni wọ́n fi ń tà á, nítorí náà ohun tí kò fẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò méjì lọ gbówó ju iṣẹ́ ọwọ́ lọ.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣó dá yín lójú?” ló bi mí. “Tí mo bá ti tú u, ìyàwó kankan ò ní wọ aṣọ pupa nínú ẹ̀ mọ́ o.”

Mo jókòó tì í. Ó tẹ́ bébà funfun sórí tábìlì, ó ya àwòrán ẹ̀yìn kámẹ́rà sí i. Gbogbo ìdè tó bá tú, ó ń fi sẹ̀lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó ti yọ ọ́ nínú àwòrán náà, torí wọn kò gùn bákan náà. Kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú, ó kọ́kọ́ pa iná tó kù sínú kápásítọ̀, ibi tí fílàṣì ń kó iná pamọ́ sí. Ẹni tó bá ń gbèrò láti wo YouTube kó sì tú tirẹ̀ nílé, kó fi ibẹ̀ yẹn sọ́kàn: bátìrì ti kúrò o, iná ṣì wà níbẹ̀, ó sì lè gbé èèyàn gidi. Gíláàsì tó jáde ṣe búlúù fẹ́ẹ́rẹ́. Èyí tó wọlé dúdú kirikiri, àfi téèyàn bá gbé e sójú oòrùn kó tó pọ́n díẹ̀.

Ibi tí n kò ti yìn ín ni ti eruku. Ó há sábẹ́ gíláàsì tuntun, ó sì ń hàn tó-tò-tó lára sánmà bí mo bá ti ya f/11. Ó ní kí n má ya f/11. N kò gbà. Ọ̀rọ̀ fẹ́ di ariwo díẹ̀ kó tó tún un tú, ó sì nù ún mọ́ láìgba kọ́bọ̀. Ẹ tún mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá ń wo ojú ihò DSLR (irú kámẹ́rà bíi 550D yìí), kò ní fókọ́ọ̀sì dáadáa mọ́, torí ìmọ́lẹ̀ tójú ń rí ni ẹ̀rọ fókọ́ọ̀sì tibẹ̀ ń lò. Ẹ máa lo Live View, ìyẹn kẹ́ ẹ máa wo ohun tẹ́ ẹ fẹ́ yà lójú gíláàsì ẹ̀yìn kámẹ́rà. Ó lọ́ra, ṣùgbọ́n kì í tàsé.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn. Ewé tútù ń da infrared padà gan-an, ìdí nìyẹn tí igi fi ń funfun nínú fọ́tò. Láti ọdún 1910 ni Robert Wood, onímọ̀ físíìsì ará Amẹ́ríkà, ti gbé irú ẹ̀ jáde. Mo lọ sí Igbó Ọ̀ṣun. (Ẹ kọ́kọ́ bá àwọn tó ń mójú tó ibẹ̀ sọ̀rọ̀ o, ojúbọ kì í ṣe ibi tá a ti ń yọ kámẹ́rà bó ṣe wù wá.) Abẹ́ igi ṣókùnkùn lójú, ṣùgbọ́n infrared ń gba ara ewé kọjá, nítorí náà ibẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú fọ́tò ju bí mo ṣe rò lọ. Àwọn ère sìmẹ́ǹtì tí Àdùnní Olórìṣà, Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ará Austria, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà bíi Adébísí Àkànjí ṣe dúró ní àwọ̀ eérú láàárín ewé funfun, gbogbo ìlà ara wọn yọ. Odò ló já mi kulẹ̀. Omi tó mọ́ máa ń dúdú nínú infrared torí ó ń mu ún. Ọ̀ṣun tòní ti pọ́n fún ẹrẹ̀ nítorí àwọn tó ń wa góòlù lókè odò, ẹrẹ̀ yẹn sì ń da ìmọ́lẹ̀ padà. Eérú lásán ló jáde.

Àdìrẹ ló yà mí lẹ́nu jù. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyá kan tó sá àdìrẹ sórí okùn, mo ya méjì tó ṣú dúdú bákan náà. Ọ̀kan gbé gbogbo bátànì rẹ̀ jáde. Èkejì funfun, àfi òjìji bátànì tó kù fẹ́ẹ́rẹ́ létí aṣọ. Mo ní, “Mọ̀mí, ẹ wo èyí.” Wọ́n gba kámẹ́rà, wọ́n sún un mọ́jú. “Èyí tó funfun yìí, inú ìkòkò aró ni mo rẹ ẹ́ sí. Tọ̀hún, dúdú tí wọ́n ń tà lọ́jà ni.” Ẹ má wá sọ ọ́ di ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dá ayédèrú mọ̀ o, aró tilé-iṣẹ́ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Fún òde àríyá, kò wúlò. Awọ dúdú á mọ́lẹ̀, ẹyinjú á ṣú, iṣan á hàn lábẹ́ awọ. Mo ya ọ̀rẹ́ mi kan tó wọ agbádá dúdú, tó dé fìlà dúdú: agbádá dúdú síbẹ̀, fìlà funfun. Ìyàwó rẹ̀ ní kí n pa á rẹ́.

Wọ́n á tún sọ fún yín pé infrared ń la kùrukùru kọjá. Ti ọ̀nà jíjìn tó fẹ́lẹ́, bẹ́ẹ̀ ni. Ti eruku ọyẹ́, kò rí bẹ́ẹ̀, hóró rẹ̀ tóbi jù. Oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, nígbà tójò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá tí sánmà sì mọ́, ni kẹ́ ẹ jáde.

Fọ́tò á kọ́kọ́ pọ́n látòkè délẹ̀. Ẹ ya koríko inú oòrùn, kẹ́ ẹ wá yàn án ní Custom White Balance, ètò tó ń sọ fún kámẹ́rà ohun tó yẹ kó kà sí funfun. Ẹ máa ya RAW, fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe. Lightroom, ètò àtúnṣe fọ́tò lórí kọ̀ǹpútà, kì í lọ ju 2000K sísàlẹ̀ ní ti White Balance yẹn, kò sì tó. Digital Photo Professional ti Canon ń tẹ̀ lé ohun tí kámẹ́rà bá sọ, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹni tó bá fẹ́ sánmà búlúù, kó fi Channel Mixer inú GIMP, ètò àtúnṣe fọ́tò mìíràn, pààrọ̀ pupa àti búlúù. Tí ẹ bá fẹ́ àwọ̀ púpọ̀ sí i, gíláàsì 590 ni kẹ́ ẹ rà dípò 720. 850, dúdú àti funfun nìkan.

Kẹ́ ẹ tó san owó tó kù, ẹ kó gbogbo lẹ́ǹsì yín lọ síbẹ̀. Lẹ́ǹsì tí kò ní wàhálà tẹ́lẹ̀ lè máa mú àmì róbótó kan mọ́lẹ̀ láàárín fọ́tò infrared, ó sì máa ń burú sí i bẹ́ ẹ bá ṣe ń dín ẹnu rẹ̀ kù. Ọ̀kan nínú tèmi ń ṣe é láti f/8 lọ. 18-55 tó bá kámẹ́rà wá kò ṣe é rárá. Ẹ kọjú sí sánmà, ẹ ya f/5.6, f/8, f/11 àti f/16 pẹ̀lú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ fẹ̀ ẹ́ lójú kọ̀ǹpútà níwájú oníṣẹ́ náà, torí ibẹ̀ náà lẹ ti máa rí eruku tó bá há.