Àdìrẹ alábẹ́là tí mo ní kí wọ́n ya ẹyẹ sí ní Ìtòkú

Bí ẹ bá ń wá àdìrẹ tí ẹ kò ní bá lọ́rùn ẹlòmíràn lóde àríyá, ẹ lọ bá ìyá aláró kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lápá ìsàlẹ̀ ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ya gbogbo rẹ̀ níbẹ̀, ẹ sì lè mú àwòrán tiyín lọ. Ẹyẹ ni èmi mú lọ. Mo ti rán aṣọ náà, mo ti wọ̀ ọ́, mo ti fọ̀ ọ́, owó mi ò ṣègbé rárá.

Ẹyẹ náà jẹ́ ẹ̀yà odídẹrẹ́ kan tó ń gbé igbó orí òkè Andes ní Kòlómbíà. Ognorhynchus icterotis ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, etí àti iwájú orí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, àgógó rẹ̀ tóbi, ó sì dúdú. Bàọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Aṣéró, aṣọ yìí ni mo sì fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì wa máa sọ ìtàn ẹyẹ yìí níwájú gbogbo ilé ìwé.

Ìtàn rẹ̀ wọ̀ mí lọ́kàn gan-an. Orí ọ̀pẹ oní-ìda ló fi ṣe ilé, ọ̀pẹ tó ga jù lọ láyé, òmíràn ga tó 60 mítà. Inú ihò èyí tó ti kú ló ń yé ẹyin sí. Tẹ́lẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ a máa gé imọ̀ ọ̀pẹ yìí fún Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, bí àwa náà ṣe ń mú imọ̀ ọ̀pẹ kọrin yí àdúgbò ká. Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ tiwọn kì í tètè dàgbà, màlúù sì ń jẹ èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Nígbà tó máa fi di 1999, 81 péré ni àwọn tó ń wá ẹyẹ náà kiri rí lágbègbè Tolima. Àwọn olùdáàbòbò ẹyẹ bá ìjọ Kátólíìkì sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n lo imọ̀ mìíràn, ìjọ sì gbà. Ẹyẹ náà ti lé ní ẹgbẹ̀rún kan báyìí.

Nígbà tí mo na fóònù sí ìyá náà, ó wò ó títí. “Tíṣà, èyí kì í ṣe odídẹrẹ́ tí a mọ̀ o. Àwọ̀ eérú ni tiwa, ìdí rẹ̀ ló pupa.” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni mà, òkè òkun ni tibí yìí wà.” Ó béèrè àwọ̀ àgógó, ó béèrè abẹ́ ìrù, ó tún ní kí n fi àwòrán tó hàn kedere ránṣẹ́ sórí WhatsApp ọmọ rẹ̀. Inú mi dùn sí i, torí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ni kì í béèrè nǹkan kan.

Ẹ wá wo ọgbọ́n tó dá. Ó kọ́kọ́ pa gbogbo aṣọ funfun náà láró ìyeyè. Nígbà tó gbẹ, ó fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré bu àbẹ́là yíyọ́, ó fi bo etí, iwájú orí àti ikùn ẹyẹ, kí àwọ̀ kejì má bàa wọbẹ̀. Ó wá rì í sínú aró búlúù. Ibi tí búlúù ti bá ìyeyè pàdé, àwọ̀ ewé ló yọ. Kò lo àwọ̀ ewé kankan! Ó tún fi àbẹ́là bo gbogbo ara ẹyẹ, àyàfi àgógó, ó sì rì í padà kí ilẹ̀ aṣọ lè dúdú. Ibi tí àbẹ́là ti sán ní ikùn, aró rá wọlé díẹ̀díẹ̀, ó sì di ìlà tín-ín-rín tó jọ ìyẹ́ gidi. Ẹyẹ kan ò jọ èkejì lórí aṣọ náà. Ẹ̀rọ ò lè ṣe èyí láéláé.

Mo sọ fún un pé láyé àtijọ́, ìda tí wọ́n ń ha lára ọ̀pẹ ẹyẹ yẹn ni wọ́n fi ń ṣe àbẹ́là ní Kòlómbíà. Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì dúró. “Àbẹ́là yìí náà?” Ó pe ọmọ rẹ̀ kó wá gbọ́.

Ibi tó kù sí: abẹ́ ìrù ẹyẹ yẹ kó pupa díẹ̀, ṣùgbọ́n pupa tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún ṣú jù, ó sì rá lára ẹyẹ bíi mélòó kan. Àbẹ́là ṣẹ́kù létí aṣọ. Télọ̀ mi ló tẹ́ ìwé ìròyìn lé e tó fi áyọ́ọ̀nù fà á jáde. Wọ́n tún pẹ́ ju àdéhùn lọ, télọ̀ kò sì sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Èyí dùn mí, mo sì sọ fún ìyá náà. Ó bẹ̀ mí.

₦32,000 ni mo san fún yáàdì márùn-ún, ìdajì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ láti Ṣáínà kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ èmi ò ní fi owó mi rà á. Omi tútù àti iyọ̀ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ nígbà àkọ́kọ́, lọ́tọ̀, kí ẹ sì sá a sí ibòòji. Ẹ fi bí ọ̀sẹ̀ kan lé ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún yín, pàápàá lásìkò òjò, torí pé ìta gbangba ni wọ́n ti ń sá a.