Iná ilé ẹni: òfin ìjọba àbí òmìnira?

Ṣó yẹ kí ìjọba fòfin sọ irú ẹ̀rọ tá a lè lò nílé àti bá a ṣe máa lo iná àti gáàsì, ká má bàa máa fi wọ́n ṣòfò, àbí kí wọ́n jẹ́ kí kálukú pinnu fúnra ẹ̀? Ká bẹ̀rẹ̀ látorí owó. Tí òfin bá dé, ẹ̀rọ tó ń jẹ iná jù á kúrò lórí àtẹ, èyí tó rọ́pò ẹ̀ lè wọ́n lọ́jọ́ tó o rà á àmọ́ bíìlì á wálẹ̀. Ìgbà tí European Union, ìyẹn àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, bẹ̀rẹ̀ sí í kó gílóòbù àtijọ́ kúrò lọ́jà ní 2009 àwọn èèyàn pariwo gan-an, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 iná tó ń jẹ ló ń di ooru lásán, LED, ìyẹn gílóòbù ìgbàlódé tí kì í jẹ iná púpọ̀, sì ń pẹ́ jù ú lọ dáadáa. Tó bá jẹ́ òmìnira, ìwọ lo máa ṣírò ẹ̀ fúnra ẹ, ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ ayálégbé ńkọ́, tó jẹ́ lánlọ́ọ̀dù ló ra ẹ̀rọ pọ́ọ́kú sílé, àmọ́ tó jẹ́ òun ayálégbé ló máa san bíìlì ẹ̀?

Òfin náà lè forí ṣánpọ́n o. Berkeley, ìlú kan ní California lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, fòfin de páìpù gáàsì nínú ilé tuntun ní 2019, kóòtù wọ́gi lé e ní 2023.

Ní tèmi, fún ọjà tuntun àtilé àwọn ayálégbé, òfin ni. Àmọ́ bí yàrá ẹ ṣe máa gbóná tó, àtìgbà tó o fẹ́ fọṣọ, kí ìjọba yáa fìyẹn sílẹ̀, kí wọ́n kàn dín owó iná òru kù, ẹni tó bá wù á lò ó.