Ìwé ìrántí fún pírínsípà: bí iṣẹ́ àwọn atẹ̀wé Adó-Èkìtì ṣe rí

Tí ọ̀gá ilé-ìwé tó ti kọ́ ìran méjì bá kú ní Èkìtì, ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni ìwé ìrántí. Wọ́n á wá orúkọ sẹ́ẹ̀tì wọn níbẹ̀, wọ́n á wo ọdún tó dé ilé-ìwé wọn àtọdún tó kúrò, wọ́n á sì fi ìka tọ́ka sí àṣìṣe. Àwọn atẹ̀wé tó wà láti Òkèṣà dé Ìjìgbò àti Ajílósùn ló ń ṣe púpọ̀ nínú àwọn ìwé wọ̀nyí. Ní ti ẹ̀rọ àti bébà, kò sí ìdí láti sáré lọ sí Èkó mọ́. Iṣẹ́ tó ṣáájú ẹ̀rọ ló kù díẹ̀ káàtó: àwòrán, títẹ ọ̀rọ̀, àti kíka pírúùfù (yíyẹ ọ̀rọ̀ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́). Ibẹ̀ sì ni àwọn mọ̀lẹ́bí kì í fẹ́ náwó sí.

Èyí tí wọ́n máa ń tà jù ni ìwé A5 olójú-ewé 40, ìyẹn bébà A4 tí wọ́n ká sí méjì, tí wọ́n sì fi píìnì méjì dè láàárín. Abala mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀: mẹ́sàn-án fún inú, ọ̀kan tó nípọn fún èèpo. Ojú-ewé mẹ́rin ló wà lára abala kọ̀ọ̀kan, nítorí náà iye ojú-ewé gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí mẹ́rin. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá kún ojú-ewé 41, owó ojú-ewé 44 ló máa san. Atẹ̀wé tó mọṣẹ́ á sọ èyí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á dákẹ́, á wá fi àwòrán òdòdó àti àdàbà dí àyè tó ṣófo.

Bébà dídán oní-150 giráàmù (giráàmù ló ń sọ bí bébà ṣe wúwo tó) ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ nà sí oníbàárà, torí ó ń wuni lọ́wọ́. Fún ìwé tó nípọn tó báyìí, kò dáa. Ìwé náà ò ní padé, á máa yanu bí ẹja orí àtẹ. Oní-115 giráàmù tí kì í dán ni kí ẹ ní kí wọ́n fi ṣe inú, kí èèpo jẹ́ 250 tàbí 300, kí wọ́n sì fi ọ̀rá bò ó. Àwọn àgbà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó máa kà á, iná ṣọ́ọ̀ṣì tó bá sì tàn sórí bébà dídán kì í jẹ́ kí wọ́n rí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.

Tí ẹ kò bá fẹ́ ju 200 lọ, ẹ̀rọ DI, èyí tó ń tẹ̀ ẹ́ tààrà láti orí kọ̀ǹpútà, ló yẹ. Tó bá ti tó 500, ẹ̀rọ pléètì, èyí tó ń fi páànù tí wọ́n ti gbé ọ̀rọ̀ sí tẹ̀wé, ló máa dínwó, torí pé iye kan náà ni ẹ máa san lórí pléètì, ì báà jẹ́ ìwé kan tàbí ẹgbẹ̀rún. Ẹni tó wà láàárín méjèèjì, kó gba ìdíyelé méjèèjì sórí ìwé. Kó sì bèèrè ibi tí wọ́n ti máa tẹ̀ ẹ́ gan-an, torí àwọn kan ń gba iṣẹ́ pléètì ní Adó, wọ́n á wá gbé e lọ sí Ìbàdàn tàbí Ṣómólú ní Èkó. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìrìn àjò gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò. Íńkì pléètì náà nílò nǹkan bí ọjọ́ kan kó tó gbẹ. Tí wọ́n bá gé e ní tútù nítorí pé Ọjọ́bọ̀ ni àìsùn, dúdú ojú-ewé kan á lẹ̀ mọ́ funfun èkejì.

Ọ̀rọ̀ àwòrán ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù kékeré ló sábà máa ń kù lára ọ̀gá nígbà tó wà ní ọ̀dọ́. Tí ó bá fẹ̀ tó íǹṣì méjì, tí wọ́n sì fi 600 dpi (iye àmì tó wà nínú íǹṣì kan) skánì rẹ̀, ẹ máa rí píksẹ́lì 1,200 ní ìbú. Ní 300 dpi, ìyẹn á tẹ̀ dáadáa dé íǹṣì mẹ́rin. Èèpo A5 kò tó íǹṣì mẹ́fà ní ìbú. Nítorí náà, ẹ fi férémù yí i ká láàárín èèpo, ẹ má fà á kún un. Ẹ má fi fóònù ya fọ́tò tó wà nínú gíláàsì, òjìji ọwọ́ yín á hàn níbẹ̀. Ẹ má sì fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí àwòrán lásán, torí á gé e kéré. Ẹ fi ránṣẹ́ bíi fáìlì.

Èyí tó wá burú jù ni áàpù tó ń tún fọ́tò àtijọ́ ṣe. Àwọn ọ̀dọ́ orí kọ̀ǹpútà fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ó máa ń nu ìlà ojú nù bíi pé àbàwọ́n ni, á fi eyín olówó sí ẹnu ẹni ẹlẹ́ni, á sì sọ ọkùnrin tí gbogbo ìlú mọ̀ di àlejò. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ kò fẹ́ ẹ. Kí wọ́n yọ ìlà tí bébà ká àti ìdọ̀tí nìkan, kí wọ́n fi ojú sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ní ti ọ̀rọ̀, ẹ̀tanú tiwa ni pé kò yẹ kí ẹ jẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù bá yín kọ ìtàn ìgbésí ayé. Wọ́n á gbé ti òkú ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n á pààrọ̀ orúkọ. Lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, lẹ́tà ìgbéga àti lẹ́tà ìfẹ̀yìntì ni kí ẹ gbé kalẹ̀, kí ẹ fi ọdún ibẹ̀ kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ìwé ló ń sọ pé ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkìtì gba ẹnì kan síṣẹ́ ní 1972, nígbà tó jẹ́ pé October 1, 1996 la dá Èkìtì sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn la wà ní 1972. Òǹdó sì ni wá láti February 1976. Bákan náà ni ti Christ's School, Adó-Èkìtì. Ọdún 1933 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Canon Mason sì ni pírínsípà níbẹ̀ láti 1948 dé 1966. Ẹni tó wọlé ní 1968 kò lè jẹ́ ọmọ abẹ́ Mason, bó ti wù kí gbólóhùn náà dùn tó. Ẹni tó ti parí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí January 1955 tó dé kò jẹ àǹfààní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ níbẹ̀.

Ẹ ṣírò ọdún iṣẹ́ náà. Kí òfin ọdún 2022 tó sọ ìfẹ̀yìntì olùkọ́ di 65 ọdún ọjọ́ orí tàbí 40 ọdún lẹ́nu iṣẹ́, 60 àti 35 ni wọ́n ń lò, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Tí ìwé bá sọ pé ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ ní 1961, ó sì fẹ̀yìntì ní 2001, ẹnì kan ti da nǹkan pọ̀ mọ́ra; ó lè jẹ́ ọdún tó fi ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwé aládàáni. Àwọn ilé-ìwé mọ́dáànù, tí wọ́n ń lọ lẹ́yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà kan, kò sí mọ́, nítorí náà ẹ kọ orúkọ tí ilé-ìwé ń jẹ́ nígbà náà, kí ẹ sì fi ti ìsinsìnyí tẹ̀ lé e.

Àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ wà lára ohun tí ẹ máa sanwó fún. Orí CorelDRAW, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń to ìwé, ni wọ́n ti ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Tí fáìlì bá kúrò lórí kọ̀ǹpútà kan bọ́ sórí òmíràn tí kò ní fọ́ǹtì (irú lẹ́tà) náà, àmì á já sílẹ̀ tàbí kó di àpótí kékeré. Bí "Ọkọ mi ọ̀wọ́n" tí opó kọ ṣe ń di "Oko mi owon" nìyẹn. Kí wọ́n sọ gbogbo lẹ́tà di kọ́ọ̀fù, ìyẹn àwòrán tí kò nílò fọ́ǹtì mọ́, tàbí kí wọ́n gbé e jáde ní PDF tó ní fọ́ǹtì nínú, lẹ́yìn náà kí ẹ ka PDF yẹn gan-an. Kíka ti orí kọ̀ǹpútà díṣáínà kò tó. Tí oríkì bá wà níbẹ̀, kí ọmọ ìlú rẹ̀ jókòó ti ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí kò gbọ́ Èkìtì á rí "ulé", á rò pé àṣìkọ ni, á sì sọ ọ́ di "ilé" láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ yẹ nọ́ńbà orin wò pẹ̀lú, torí ti Áńgílíkà àti ti Mẹ́tọ́díìsì kò bára mu.

Ojú-ewé A5 kan ní lẹ́tà ìwọ̀n 11 máa ń gba nǹkan bí ọ̀rọ̀ 300. Ẹ sọ fún àwọn tó ń kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére pé 150 ni tiwọn. Ẹ ní kí ANCOPSS (ẹgbẹ́ àwọn pírínsípà), NUT (ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́), ìjọ, ààfin àti ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ fi tiwọn ránṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú. Èyí tó bá pẹ́, kí wọ́n kà á ní ìsìn.

Ìwé máa ń tán lálẹ́ àìsùn, kí ọjọ́ ìsìnkú tó mọ́. Ẹ tẹ ètò àìsùn lọ́tọ̀ sórí A4 kan tí ẹ ká sí méjì. Owó kékeré ni. Kí ẹ di ti ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ sínú páálí tiwọn láti ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ kọ orúkọ sẹ́ẹ̀tì sára rẹ̀. Tí owó bá kù fún ẹ̀bùn, ìwé àkọsílẹ̀ olójú-ewé 80 tí fọ́tò ọ̀gá wà lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n pín fún ọmọ ilé-ìwé tó darí, dára ju abọ́ rọ́bà lọ.

Kí ẹ tó san owó tó kù, ẹ gba PDF ìkẹyìn àti gbogbo skánì àwòrán sórí fláàṣì tiyín. Àwọn ṣọ́ọ̀bù kan ń sọ pé tiwọn ni fáìlì; ẹ bá wọn ṣàdéhùn lórí ìyẹn nígbà tí ẹ bá ń san àsansílẹ̀. Ẹ má gbára lé pléètì, torí wọn kì í pa á mọ́. Tí ẹgbẹ́ bá fẹ́ tún un tẹ̀ fún ìrántí ọdún kan, PDF yẹn ni atẹ̀wé míì á fi ṣiṣẹ́.